Charleston, South Carolina: ibo la máa so ọkọ̀ mọ́, ìgbà wo la sì máa wọlé?

Atukọ̀Baltimore:
Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin àgbà atukọ̀. Èmi àti ìyàwó mi fẹ́ gba ojú omi inú ilẹ̀ (Intracoastal Waterway, ọ̀nà ọkọ̀ omi tó gba ẹ̀bá òkun) lọ sí Florida lóṣù kọkànlá. Ọkọ̀ onígbòkun ni, ó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 36, ìdí rẹ̀ ń wọ omi ní ẹsẹ̀ bàtà 5, òpó ìgbòkun rẹ̀ ga tó ẹsẹ̀ bàtà 55. A fẹ́ sun oru méjì ní Charleston. Ṣé ká so mọ́ màrínà (èbúté tí wọ́n ń sanwó so ọkọ̀ mọ́) ni àbí ká ju ìdákọ̀ró? Àwọn afárá wọn ńkọ́? Ìyàwó mi ń béèrè ibi tó yẹ ká dé nínú ìlú, a ò sì ní mọ́tò.

ỌmọẸ̀pẹ́:
Ẹ kú ìmúra ìrìn àjò. Ní Charleston, aago omi lẹ máa tẹ̀ lé, kì í ṣe aago ọwọ́ yín. Omi ń kún ó sì ń fà tó ẹsẹ̀ bàtà 5 sí 6 láàárín nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà.

Kẹ́ ẹ tó dé Charleston, láàárín McClellanville àti Isle of Palms, iyanrìn ti kún ojú ọ̀nà láwọn ibì kan. Ẹ kọjá nígbà tí omi bá ti kún kọjá ìdajì tó sì ṣì ń kún. Bí ìdí ọkọ̀ bá kanlẹ̀ nígbà yẹn, omi náà ló máa gbé yín dìde. Bó bá kanlẹ̀ nígbà tí omi ń fà, ibẹ̀ lẹ máa jókòó sí.

Lẹ́yìn náà ni afárá Ben Sawyer, ní máìlì 462 lórí ojú omi inú ilẹ̀ yẹn. Tó bá wà ní pípadé, ẹsẹ̀ bàtà 31 péré ló ga, torí náà wọ́n gbọ́dọ̀ ṣí i fún yín. Láti ọjọ́ Ajé sí Ẹtì, wọn kì í ṣí i láago 7 sí 9 àárọ̀ àti 4 sí 6 ìrọ̀lẹ́. Ní òpin ọ̀sẹ̀, láti 9 àárọ̀ sí 7 alẹ́, orí wákàtí nìkan ni. Ìkànnì 9 lórí rédíò ọkọ̀ (VHF) lẹ máa fi pè wọ́n. 13 ni wọ́n ń lò ní North Carolina, àwọn tó bá ti ibẹ̀ bọ̀ sì máa ń pè títí lórí 13 láìrí ẹni dáhùn.

ÌyálódeOmi:
Fún oru méjì péré, màrínà ni kẹ́ ẹ lọ. Ibi ìdákọ̀ró wà nínú odò Ashley lódìkejì City Marina, ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì ń di irin mú dáadáa, àmọ́ iṣẹ́ pọ̀ níbẹ̀. Ẹ wo ìṣirò rẹ̀: omi 12 nígbà tó bá fà tán, 6 tó máa kún, 4 láti ojú omi dé iwájú ọkọ̀. Ó di 22. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méje, ẹ ó tú ẹsẹ̀ bàtà 154 ṣéènì ìdákọ̀ró sílẹ̀. Tí omi bá yí padà, ọkọ̀ náà á yí. Tí atẹ́gùn bá wá kọjú ìjà sí omi, ọkọ̀ á gun orí ṣéènì ara rẹ̀, àwọn tó wà nítòsí ò sì ní yí bíi tiyín. Ògbólógbòó irin wà nísàlẹ̀ pẹ̀lú, torí náà ẹ so okùn tín-ín-rín àti bọ́ọ̀yà mọ́ ìdí ìdákọ̀ró kẹ́ ẹ lè fi fà á sẹ́yìn tó bá há.

Ní màrínà, èbúté ìta gùn ju ẹsẹ̀ bàtà 1,500 lọ, àárín ìṣàn omi ló sì wà. Ẹ fi rédíò béèrè ibi tí omi ń ṣàn sí, kẹ́ ẹ kọ iwájú ọkọ̀ sí i, kódà bó bá gba pé kẹ́ ẹ kọjá kẹ́ ẹ tó yí padà. Okùn iwájú lẹ máa kọ́kọ́ so, torí ẹ̀yìn ni omi ń tì yín sí. Ẹni tó bá jẹ́ kí omi ti òun látẹ̀yìn kò ní lè dúró, ọkọ̀ tó wà níwájú ló máa lọ gbá.

Adúláwọ̀ATL:
Ẹ jẹ́ kí n dá ìyàwó wa lóhùn. International African American Museum ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ. Wọ́n ṣí i lóṣù kẹfà 2023 lórí ilẹ̀ Gadsden's Wharf, níbi tí wọ́n ti kó àwọn èèyàn wa sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ẹrú. Etí odò Cooper ló wà, bíi máìlì méjì sí màrínà. Ẹ má lọ lọ́jọ́ Ajé, wọ́n máa ń tì. Orí òpó 18 ni wọ́n gbé ilé náà lé kó má bàa tẹ ilẹ̀ yẹn mọ́lẹ̀. Lábẹ́ rẹ̀, ẹ ó rí ilẹ̀ tí wọ́n ya ara ènìyàn sí, wọ́n tò wọ́n sún mọ́ra bí wọ́n ṣe ń tò wọ́n sínú ọkọ̀. Omi á rọra bò wọ́n, á tún fà kúrò. Ẹ dúró títí omi náà á fi yí padà, ẹ má sáré kọjá.

Láti Battery, etí omi ní ìparí ìlú níhà gúúsù, ẹ ó rí Fort Sumter, odi ológun, lókèèrè. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni Robert Smalls, ẹrú tó mọ ọkọ̀ í tù, gbà kọjá ní 13 oṣù karùn-ún 1862 nínú ọkọ̀ Planter. Ó dé fìlà ọ̀gá ọkọ̀, ó fọn fèrè bó ṣe yẹ, àwọn ṣọ́jà Gúúsù tó ń ṣọ́ odi náà sì jẹ́ kó sá lọ sí òmìnira, pẹ̀lú ìyàwó àtàwọn ọmọ rẹ̀.

Ẹ wo ìròyìn omi kẹ́ ẹ tó jáde o. Tó bá máa kọjá ẹsẹ̀ bàtà 7, omi lè gba títì Lockwood Drive tó wà lẹ́nu màrínà.

Atukọ̀Baltimore:
Ẹ ṣeun gan-an, màrínà la máa lọ. Nígbà tá a bá ń jáde síhà gúúsù ńkọ́?

ỌmọẸ̀pẹ́:
Wappoo Creek ni, lẹ́yìn náà Elliott Cut. Afárá Wappoo kì í ṣí nígbà tí mọ́tò bá pọ̀ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ ọjọ́ iṣẹ́. Elliott Cut tóóró, omi rẹ̀ lè sáré ju nọ́ọ̀tì 4 lọ (nọ́ọ̀tì kan ju máìlì kan lọ díẹ̀ ní wákàtí kan). Ẹ́ńjìnì tó ń sá nọ́ọ̀tì 6 á wá máa rákò ní 2. Ẹ wo àtẹ ìṣàn omi, kì í ṣe àtẹ ìkún omi, torí omi kì í dáwọ́ ìṣàn dúró ní ìṣẹ́jú kan náà tó kún tán. Ẹ wọ ibẹ̀ nígbà tí ìṣàn bá rọ̀.

Ìlú Beaufort ku máìlì 67 síwájú. Ọjọ́ kúrú lóṣù kọkànlá, torí náà ẹ sùn sọ́nà, ní South Edisto. Tẹ́ ẹ bá dé Beaufort, ẹ gbé takisí lọ sí Ọ̀yọ́túnjí ní Sheldon, abúlé Yorùbá tí Ọba Adéfúnmi dá sílẹ̀ ní 1970. Ẹ bá onítakisí ṣàdéhùn àlọ àti àbọ̀ kẹ́ ẹ tó kúrò ní Beaufort, torí kò rọrùn láti rí mọ́tò lọ́hùn-ún.