Army pé ọdún 250 lónìí: ẹ wá sọ ìrántí yín, ká sì lò ó

Àgbà Sájẹ́ǹtì, Texas

Ẹ̀yin ọmọ káàárọ̀-oò-jíire, ẹ kú ọjọ́ òní o. Òní, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹfà, 2025, ni Army Amẹ́ríkà pé ọdún 250. Ní 1775, àwọn ìgbìmọ̀ Continental Congress jókòó ní Philadelphia, wọ́n dá ẹgbẹ́ ọmọ ogun sílẹ̀. Ọjọ́ kejì ni wọ́n yan George Washington ṣe olórí wọn. Ẹ rò ó wò: ilẹ̀ Amẹ́ríkà kò tíì kéde òmìnira nígbà yẹn. Army fi ọdún kan ju orílẹ̀-èdè tó ń sìn lọ.

A gé kéèkì láàárọ̀ yìí ní gbọ̀ngàn àwọn ajagunfẹ̀yìntì àdúgbò wa. Idà la fi ń gé e, ẹ̀yin tó ti débẹ̀ rí mọ̀. Ẹni tó dàgbà jù àti ẹni tó kéré jù nínú àwọn ológun tó wà ńbẹ̀ ló jọ ń di idà mú. Àgbà tiwa jẹ́ bàbá kan tó ja ogun Vietnam. Ọwọ́ bàbá ń gbọ̀n, ni ọmọbìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́ bá fi ọwọ́ tirẹ̀ lé e, wọ́n sì jọ tẹ idà náà wọlé. Inú mi dùn gan-an.

Ìdí tí mo fi kọ̀wé rèé. Lọ́jọ́ báyìí, gbogbo wa la máa ń sọ ìtàn. Ẹ sọ ọ́ níbí, àmọ́ ẹ jẹ́ ká tún lò ó. Ohun tí ẹ rántí nípa ẹni tí ẹ jọ ṣiṣẹ́ jẹ́ ẹ̀rí lọ́dọ̀ VA, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó àwọn ajagunfẹ̀yìntì. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń jẹ̀rora tí kò gba kọ́bọ̀, nítorí pé ohun tó ṣe wọ́n lẹ́nu iṣẹ́ kò sí nínú ìwé kankan, ẹni tó sì rí i kò mọ̀ pé òun lè jẹ́rìí.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀. Ìdí ẹrù àti ọkọ̀ ni mo wà, ní Balad, ní Iraq. Ẹni tó bá débẹ̀ kò lè gbàgbé kòtò tí wọ́n ti ń sun ìdọ̀tí. Tọ̀sán tòru ló ń jó: ike, táyà, pàǹtírí ilé ìwòsàn, wọ́n á tún da epo bàálù sí i. Tí afẹ́fẹ́ bá kọjú sí wa, èéfín dúdú á bo ibùsùn wa. Ẹ jí láàárọ̀, ẹ fọn imú sínú ánkáṣíìfù, dúdú ni yóò jáde. Tó bá di òru, ẹ̀rọ gbohùngbohùn á ké "Incoming! Incoming!", gbogbo wa á dojú bolẹ̀, a ó máa ka ìró mọ́tà bó ṣe ń bọ̀.

Ó kàn yín o.

Ìyá Ẹ̀jìrẹ́, Norfolk

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ọdún, ẹ kú àṣeyẹ. Ọ̀kan náà ni ọjọ́ orí wa, ọjọ́ kẹtàlá oṣù Kẹwàá ni ti àwa Navy.

Àwọn tó ń fún bàálù lépo lórí ọkọ̀ ogun ni mo bá ṣiṣẹ́. Ẹ̀wù elésè àlùkò ni tiwa. Yẹ́lò ni ti àwọn tó ń darí bàálù, pupa ni ti àwọn tó ń to bọ́ǹbù, kí ojú lè dá kálukú mọ̀ nítorí pé etí kò lè gbọ́ nǹkan kan níbẹ̀. Ẹ ki nǹkan bọ etí, ẹ tún dé ohun ìbòtí lé e, síbẹ̀ tí bàálù bá ń gbéra, ariwo rẹ̀ á gba inú egungun àyà yín kọjá, eyín yín á máa gbọ̀n. Òórùn epo kì í kúrò lára wa bí a bá fi ọṣẹ wẹ̀ tó. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ náà. Mo ṣì fẹ́ràn rẹ̀.

Nígbà tí mo jáde, etí mi ń hó wín-ín-wín-ín, pàápàá lóru. Ọ̀rẹ́ mi tí a jọ wọ elésè àlùkò ló ní kí n kọ̀wé sí VA, òun náà ló sì kọ ẹ̀rí fún mi. Etí híhó ni ohun tí àwọn ajagunfẹ̀yìntì ń gba owó lé lórí jù lọ. Ìwọ̀n àìlera 10% ni wọ́n ń fún un. Àwọn kan á ní kí ni ti 10%? Ẹ gbọ́: ẹni tó bá ń gba owó àìlera lọ́wọ́ VA, bó ti wù kó kéré tó, kò ní san funding fee, ìyẹn owó tí ìjọba ń gbà lórí àwìn ilé náà, tó bá fi ètò VA ra ilé. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là ni ìyẹn lórí ilé kan ṣoṣo, yàtọ̀ sí pé ẹnikẹ́ni tó bá fi ètò VA ra ilé kì í sábà san owó àkọ́san tí àwọn yòókù ń san kí wọ́n tó fún wọn láwìn.

Àkàndé, Fort Stewart

Ẹ̀yin àgbà, mo kí yín o. Green card ni mo fi wọṣẹ́. Ní Fort Jackson, níbi tí wọ́n ti kọ́ wa níṣẹ́ ogun, àwọn drill sergeant tó ń kọ́ wa kò lè pe orúkọ bàbá mi, "Alphabet" ni wọ́n ń pè mí títí a fi parí. Lọ́jọ́ tí a parí, ọ̀kan nínú wọn wá bá mi, ó ní kí n kọ́ òun ní orúkọ náà, ó sì pè é gaara níwájú ìyá mi.

Ìbéèrè méjì ni mo ní. Àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ di-ọmọ-ilẹ̀-Amẹ́ríkà. Ìkejì, orúnkún mi ti ń dùn mí láti ìgbà tí a ti ń gbé ẹrù rìn ọ̀nà jíjìn. N kò tíì lọ sí sick call, níbi tí ológun ti ń rí dókítà, torí n kò fẹ́ kí wọ́n rò pé mo ń sá fún iṣẹ́.

Àgbà Sájẹ́ǹtì, Texas

Àkàndé, káre ọmọ.

Orúnkún ni mo máa kọ́kọ́ dáhùn. Lọ sí sick call. Ohun mẹ́ta ni VA máa wá lọ́jọ́ iwájú: àìsàn tí dókítà rí lára rẹ lónìí, ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, àti ìwé dókítà tó so méjèèjì pọ̀. Ìkejì yẹn ló ń sọnù lọ́wọ́ àwọn ọmọ wa. A tọ́ wa dàgbà pé ọkùnrin kì í ké, obìnrin kì í ráhùn, a ó fi róòbù pa á, a ó sì máa lọ. Orúnkún tí kò sí nínú ìwé ìtọ́jú rẹ, ìwọ nìkan ló mọ̀ ọ́n. Jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́, kí o sì gba ẹ̀dà rẹ̀ sọ́wọ́ kí o tó kúrò lẹ́nu iṣẹ́.

Ti ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà: fọ́ọ̀mù N-400 ni, ọ̀fẹ́ ni fún ológun. N-426 ni àwọn ọ̀gá rẹ máa fọwọ́ sí pé o ń sìn pẹ̀lú ọlá. Òfin àsìkò ogun ti wà lẹ́nu iṣẹ́ láti ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án 2001, kò tíì dúró, nítorí náà o kò ní dúró ọdún márùn-ún bí àwọn tí kì í ṣe ológun. Àmọ́ fi èyí sọ́kàn: tí wọ́n bá lé ènìyàn jáde lọ́nà tí kò ní ọlá kó tó pé ọdún márùn-ún nínú iṣẹ́ ogun, ìjọba lè gba ipò ọmọ ilẹ̀ náà padà. Má fi ìwà wèrè ẹnikẹ́ni ba tìrẹ jẹ́.

Bàbá Tóbi, Maryland

Ẹ̀gbọ́n, Balad tí ẹ sọ yẹn mú mi dìde. Èmi náà wà níbẹ̀! Imú mi kò tíì là láti ìgbà náà. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn mi ló ń dà mí láàmú jù. A ń já ẹrù lóru, kò sí iná, ẹsẹ̀ mi yọ̀ lórí ọkọ̀, mo fi ẹ̀yìn lulẹ̀. Oògùn ìrora kan ni medic fún mi, ó ní kí n mu omi, kò kọ nǹkan kan sílẹ̀. Ṣé ẹ lè bá mi kọ ẹ̀rí, nígbà tó jẹ́ pé ibì kan náà la wà?

Àgbà Sájẹ́ǹtì, Texas

Bàbá Tóbi, a jọ fa èéfín kan náà símú, àmọ́ n kò sí níbi tí ẹ ti ṣubú. N kò lè kọ ohun tí ojú mi kò rí. Ẹni tó bá fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù yẹn ti sọ pé òótọ́ ni, irọ́ inú rẹ̀ lè sọ èmi àti ẹ̀yin sínú ẹjọ́. Ẹ wá àwọn tó wà nídìí ọkọ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ti imú kò nílò ẹlẹ́rìí rárá. Láti ìgbà tí wọ́n ti fọwọ́ sí òfin PACT Act ní oṣù Kẹjọ 2022, ẹni tó bá sìn ní Iraq, VA ti gbà pé ó fa èéfín náà símú. Àìsàn inú ihò imú tó ti di bárakú, ikọ́ asthma tí wọ́n rí lẹ́yìn iṣẹ́ ogun, àti oríṣiríṣi jẹjẹrẹ wà nínú àkọsílẹ̀ wọn. DD-214, ìwé ìjáde lẹ́nu iṣẹ́ ogun, tó fi hàn pé ẹ dé Iraq àti ìwé dókítà ni ẹ nílò.

Ti ẹ̀yìn, VA Form 21-10210 ni ẹlẹ́rìí máa kọ. Kó sọ orúkọ rẹ̀, ipò rẹ̀ nígbà náà, ikọ̀ tí ẹ jọ wà, ibi àti àkókò. Lẹ́yìn náà, ohun tó rí àti ohun tó gbọ́. Kó má ṣe dókítà. "Egungun ẹ̀yìn rẹ̀ yẹ̀" kò wúlò lẹ́nu sójà. "Ó já bọ́ láti orí ọkọ̀, àwa méjì la gbé e dìde, ọ̀pọ̀ ọjọ́ ló fi jẹ́ pé ẹlòmíràn ló ń bá a so okùn bàtà," ìyẹn ni wọ́n ń fẹ́. Ojú ìwé kan ti tó.

Ìyàwó Sójà, Houston

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ìyàwó lè kọ irú rẹ̀? Ọkọ mi kì í sọ̀rọ̀ ogun. Ṣùgbọ́n tí a bá lọ òde àríyá, kò ní jókòó àfi kó rí ẹnu ọ̀nà. Tí wọ́n bá ti ń yin báńgà lọ́jọ́ kẹrin oṣù Keje, inú yàrá ìkáṣọsí ló ń wọ̀. Lóru, ó máa ń pe orúkọ ẹnì kan tí n kò mọ̀.

Ìyá Ẹ̀jìrẹ́, Norfolk

Àǹtí mi, ẹ lè kọ ọ́, ẹ̀rí yín sì lágbára, nítorí pé ẹ̀yin lẹ wà níbẹ̀ lóru. Ẹ má kọ orúkọ àìsàn. Bí ẹ ṣe kọ ọ́ síbí yìí gan-an ni kí ẹ kọ ọ́: ẹnu ọ̀nà, báńgà, orúkọ tó ń pè. Ẹ fi bó ṣe rí kó tó lọ kún un, tó bá jẹ́ pé ẹ ti mọ̀ ọ́n nígbà náà.

Èyí sì ṣe pàtàkì ju owó lọ: tí òru bá le, ẹ fi fóònù pe 988, nọ́ńbà ìrànlọ́wọ́ fún ẹni tí ọkàn rẹ̀ dàrú, kí ẹ tẹ 1. Àwọn tó ń dáhùn mọ ọ̀rọ̀ ológun. Ẹ̀yin náà lè pè nítorí rẹ̀, kò di dandan kó jẹ́ òun.

Ẹ̀yin tó kù, ẹ ṣọ́ra fún àwọn tó ń fi fóònù wá wa. Ẹnì kan pè mí pé òun á bá mi gbé owó mi ga, pé kí n fún òun ní owó oṣù bíi mélòó kan tó bá jáde. Òfin kò gba ẹnikẹ́ni láyè láti gba owó lórí ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ẹ gbé lọ sọ́dọ̀ VA. Àwọn ẹgbẹ́ ajagunfẹ̀yìntì bíi American Legion, VFW àti DAV ní àwọn tí VA fún ní ìwé àṣẹ, ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń ṣe é.

Ọmọ Marine, California

Army, ẹ kú ọdún o! Tiwa ń bọ̀ ní ọjọ́ kẹwàá oṣù Kọkànlá. Lọ́jọ́ náà, níbikíbi tí a bá wà lágbàáyé, wọ́n á ka ọ̀rọ̀ tí Ọ̀gágun Lejeune, olórí Marine nígbà náà, kọ ní 1921. Tí a bá gé kéèkì, àgbà á jẹ, á sì gbé e lé èyí tó kéré jù lọ́wọ́. Ní Al Asad, ní Iraq, inú páálí oúnjẹ ni kéèkì tiwa ti wá, yanrìn wà nínú rẹ̀, a sì jẹ ẹ́ tán.

Tèmi ni pé kí ẹ tọ́jú DD-214. Iná jó ilé ìkówèésí ológun ní St. Louis ní 1973, mílíọ̀nù mẹ́rìndínlógún sí méjìdínlógún fáìlì ló bá a lọ, ọ̀pọ̀ bàbá ló ṣì ń jìyà rẹ̀. Ẹ ní ẹ̀dà sínú ilé, ẹ fi ọ̀kan sọ́dọ̀ ẹni tí ẹ fọkàn tán. Àwọn kan ń fi sí ọ́fíìsì county, ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá gbogbo ènìyàn ló máa lè rí i níbẹ̀, torí nọ́ńbà Social Security yín lè wà lórí rẹ̀.

Ẹ̀yin tó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ fi GI Bill, owó ẹ̀kọ́ tí ìjọba ń fún ológun, sílẹ̀ fún àwọn ọmọ, ẹ ṣe é kí ẹ tó jáde. Ẹ gbọ́dọ̀ ti lo ọdún mẹ́fà, kí ẹ sì gbà láti lo mẹ́rin sí i. Ẹni tó ti bọ́ aṣọ kò lè ṣe é mọ́.

Bàbá Tóbi, Maryland

Mo dúpẹ́, ẹ̀gbọ́n, ẹ kò purọ́ fún mi. Nítorí pé òní jẹ́ ọjọ́ ìbí, gbogbo ikọ̀ wa ló ń gbé àwòrán àtijọ́ síta lórí Facebook. Mo rí sájẹ́ǹtì tó gbé mi dìde lálẹ́ ọjọ́ náà! Ohio ló wà. Mo kọ̀wé sí i, kò tó wákàtí kan tó fi dáhùn. Ó ní òun rántí, pé òun gan-an ló so bàtà mi. Ó á kọ fọ́ọ̀mù náà lópin ọ̀sẹ̀ yìí. Òun náà sì ní orúnkún kan tí ẹnikẹ́ni kò kọ sílẹ̀, ojú mi ló ṣe, mo máa kọ tirẹ̀.

Àgbà Sájẹ́ǹtì, Texas

Ọlọ́run ṣeun! Ẹ má dúró de fọ́ọ̀mù rẹ̀ o. Ẹ wọ VA.gov nísinsìnyí, ẹ fi Intent to File sílẹ̀, ìyẹn ìwé tó sọ pé ẹ fẹ́ béèrè owó àìlera. Ọdún kan ni wọ́n á fún yín láti kó ìwé jọ, tí wọ́n bá sì gbà á, ọjọ́ òní ni wọ́n lè bẹ̀rẹ̀ sí í ka owó yín. Ẹ sọ fún sájẹ́ǹtì kó ṣe tirẹ̀ náà lónìí.

Bàbá Tóbi, Maryland

Mo ti ṣe é, ẹ̀gbọ́n. Mo ní títí di ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹfà, 2026. Sájẹ́ǹtì wà lórí fóònù báyìí, ó ń wá páswọ́ọ̀dù rẹ̀.