Òjò dá, àgbàdo mi ń gbẹ: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbẹ̀ ẹgbẹ́ mi. Òṣogbo ni mo wà, oko mi wà lọ́nà Ìkìrun. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, mo sáré gbin àgbàdo sórí éékà méjì. Ó hù dáadáa, ó dé orúnkún, àfi bí òjò ṣe dá, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko! Tó bá ti di ọ̀sán, ewé rẹ̀ á ká jọ bí ẹní. Mo fọwọ́ gbẹ́ ìdí rẹ̀, eruku lásán ni. Ẹ̀gẹ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ṣì ń tutù ní tiẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n fi koríko gbígbẹ bo ilẹ̀ ni, àbí kí n tún òmíràn gbìn? Mo mọ̀ pé IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà n'Íbàdàn, ní irúgbìn àgbàdo tó ń fara da ọ̀dá. Ta ló ti gbìn ín rí? Owó àjọ ni mo fi ro oko yìí, ọkàn mi ò balẹ̀ rárá.