Fáànù ń yí nínú kọ̀ǹpútà mi, ṣùgbọ́n ojú monitor ṣókùnkùn

Ìyá Ìbejì, Òmù-Àrán:
Ẹ̀yin ará, mo kí yín o. Kọ̀ǹpútà àlòkù tí mo fi ń tẹ ìwé fún àwọn ènìyàn ni mo bá wá, òun ni mo sì fi ń san owó ilé ìwé àwọn ọmọ. Bí mo bá ti tẹ̀ ẹ́, fáànù a máa yí, iná kékeré iwájú rẹ̀ a tàn, ṣùgbọ́n ojú monitor kò ní gbé nǹkan kan wá. Ẹni tí ó ń bá mi tún un ṣe sọ pé motherboard, pátákó ńlá inú rẹ̀ tí gbogbo ẹ̀yà yòókù so mọ́, ti kú, àfi kí n ra òmíràn. Ó bá mi sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ọmọdé wí, níṣojú àwọn oníbàárà mi, àwọn kan nínú wọn sì ti kó iṣẹ́ ìwé ìpè ìnáwó wọn lọ sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n rà á ni?

Bàbá Àgbà, Ọ̀fà:
Ẹ pẹ̀lẹ́, Ìyá Ìbejì. RAM ni. Ẹ yọ wáyà iná lára ògiri, ẹ fa RAM, pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹ̀rọ fi ń rántí iṣẹ́ tí ó ń ṣe lọ́wọ́, yọ, kí ẹ fi rọ́bà tí àwọn ọmọ fi ń pa lẹ́ẹ̀dì rẹ́ nu ẹnu rẹ̀. Bí tèmi ṣe jí nìyẹn.

Alhaja, Ìlọrin:
Iná tí ó ń wọlé pẹ̀lú agbára àpọ̀jù ni ó ń ba ẹ̀rọ wa jẹ́. Ó ti ba fíríìjì àti tẹlifíṣọ̀n mi jẹ́ rí. Ṣé ẹ tilẹ̀ ní stabilizer? Kò yẹ kí ènìyàn máa so irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ mọ́ ògiri lásán.

Ìyá Ìbejì:
Alhaja, mo ní stabilizer, n kì í sì í tan ẹ̀rọ náà láìsí i. Bàbá, a ti nu RAM, kò yí padà.

Atúnkọ̀ǹpútàṣe, Tánkẹ̀:
Ẹ mà, ṣé ó ń ké píì-píì? Ṣé àwọn kapasítọ̀, àwọn ẹ̀yà kékeré bí agolo tí ó ń tọ́jú iná, tí ó yí processor (ọpọlọ ẹ̀rọ) ká kò wú lórí, tàbí kí omi aláwọ̀ ilẹ̀ máa jò lára wọn? Ọ̀pọ̀ motherboard tí wọ́n ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2000 sí 2007 ni àìsàn yẹn pa. Bí ẹ bá rí ẹni tí ó ní mítà tí a fi ń wọn iná, kí ó wọn power pack, àpótí tí ó ń pín iná fún ẹ̀rọ, nígbà tí ẹ̀rọ wà lórí iná: wáyà yẹ́lò kò gbọdọ̀ kúrò láàárín volt 11.4 sí 12.6, pupa láàárín 4.75 sí 5.25. Elésè àlùkò ní láti gbé volt 5 kí ẹ tó tẹ bọ́tìnnì rárá.

Bàbá Àgbà, Ọ̀fà:
Mo ṣì ń sọ pé RAM ni. Kí wọ́n tún un nù dáadáa.

Atúnkọ̀ǹpútàṣe, Tánkẹ̀:
Bàbá, ẹ má bínú. Bí ó bá jẹ́ RAM, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ àtijọ́ tí ó ní agbohùn kékeré nínú ni yóò ké.

Ìyá Ìbejì:
Kò ké rárá, bẹ́ẹ̀ ni a máa ń gbọ́ ohùn rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àwọn kapasítọ̀ tẹ́jú. Ní ti power pack, kò sí ohun tí ó lè ṣe é, nítorí pé tuntun ni. Ti àtijọ́ jó, ó ń rùn, ẹni náà sì bá mi pààrọ̀ rẹ̀. Láti ìgbà yẹn gan-an ni ojú monitor ti ṣókùnkùn. Mo ti san owó rẹ̀ tán, ìdí nìyẹn tí n kò fi mẹ́nu kàn án.

Atúnkọ̀ǹpútàṣe, Tánkẹ̀:
Ẹ mà, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà! Yàtọ̀ sí okùn ńlá oníhò 24 tàbí 20, okùn kékeré oníhò 4 wà, yẹ́lò 2, dúdú 2, tí a ń kì bọ ẹ̀gbẹ́ processor. Òun ni ó ń gbé iná fún processor. Bí kò bá sí níbẹ̀, fáànù yóò máa yí, iná yóò tàn, processor kò sì ní jí. Ẹ yọ iná, ẹ ṣí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ, ẹ wò ó.

Alhaja, Ìlọrin:
Ẹ má fi ọwọ́ kan nǹkan tí ó ní iná o!

Atúnkọ̀ǹpútàṣe, Tánkẹ̀:
Alhaja, àpótí power pack fúnra rẹ̀ ni wọn kò gbọdọ̀ tú, nítorí iná lè ṣẹ́kù nínú kapasítọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn tí a ti yọ ọ́ lára ògiri.

Ìyá Ìbejì:
Mo ti rí i. Wọ́n ká a, wọ́n sì dè é mọ́ àwọn okùn yòókù. Mo tú u, ṣùgbọ́n ó kúrú, kò dé ojú ihò náà.

Atúnkọ̀ǹpútàṣe, Tánkẹ̀:
Ẹ má ra motherboard kankan. Wọ́n ń ta okùn àfikún oníhò 4 tí a fi ń mú un gùn. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gé wáyà kí ó fi ọwọ́ lọ́ ọ pọ̀. Bí ẹ bá ti so ó, ẹ kọ ohun tí ẹ rí fún wa.