Ẹyẹ tó ké lóru ní Algonquin, ẹ̀yin ńkọ́, kí lẹ rí?

Bọ̀sẹ̀ Brampton:
Ẹ káalẹ́ o ẹ̀yin ará ilé. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú wa tó wà ní Ontario ní Canada níbí ló ti gba Highway 60 wọ páàkì Algonquin rí, ẹ sì máa ń gbé fọ́tò ewé pupa síbí, ṣùgbọ́n mi ò tíì rí ẹni tó sọ̀rọ̀ ẹyẹ ibẹ̀. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ tèmi.

Mọ́mì mi wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́dún tó kọjá. Ọkọ mi ló ní ká mú wọn lọ wo igbó, àwọn ọmọ náà ti ń pariwo tẹ́ǹtì tẹ́ǹtì. Mo ní ṣé ìyá ẹni ọdún 71 la fẹ́ kó sínú tẹ́ǹtì, ó ní ṣebí oko ni wọ́n ti tọ́ ẹ dàgbà. Kò burú. Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù keje ni, a wa mọ́tò fún bíi wákàtí mẹ́ta àbọ̀, a dé etí omi kan tí wọ́n ń pè ní Canisbay, a pàgọ́, a dáná, mọ́mì jẹ ẹ̀kọ tí wọ́n gbé láti ilé, gbogbo ẹ̀ ń lọ wẹ́rẹ́.

Ó tó bí aago kan òru, nǹkan kan ké lórí omi. Ha! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbọ́ ọ rí á mọ ohun tí mò ń sọ. Ó dà bí ìgbà tí obìnrin ń sunkún òkú lọ́ọ̀ọ́kán, á fà gùn, á lọ sókè, á wá já lójijì. Ibi tá a ti ń wo ara wa ni òmíràn ti dá a lóhùn láti òdìkejì omi, èyí wá ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín wèrè ni mò ń sọ yìí o. Mọ́mì ti dìde jókòó. Wọ́n ní "Bọ̀sẹ̀, ṣé o gbọ́?" Mo ní mo gbọ́ mà, ẹyẹ ni. Wọ́n ní "Mo mọ̀ pé ẹyẹ ni. Ẹyẹ ta ni?"

Mi ò lésì. Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, wọ́n ní kí n lọ ka àwọn ọmọ mi nínú tẹ́ǹtì kejì. Mo lọ kà wọ́n, ṣé kí n máa bá ìyá mi jiyàn láago kan òru ni? Sáàmù 91 ni wọ́n fi mọ́jú.

Láàárọ̀ a sọ̀ kalẹ̀ lọ bọ́jú, kùrukùru ṣì bo omi, ni ẹyẹ náà bá yọ. Ó ju pẹ́pẹ́yẹ lọ dáadáa, ara ẹ̀ rì wọnú omi bí ọkọ̀ tẹ́rù pọ̀ jù nínú ẹ̀, orí dúdú, ẹnu ṣóńṣó bí ọ̀bẹ, ẹ̀yìn ẹ̀ dúdú tó ní funfun tó-tò-tó bí àdìrẹ, ojú ẹ̀ wá pupa bí ẹ̀yinná. Mọ́mì ní "ṣé o rójú ẹ̀?" Ó yí ẹ̀gbẹ́ sí wa, la bá rí i pé nǹkan wà lẹ́yìn ẹ̀, ọmọ méjì, wọ́n dúdú, wọ́n rí wúruwùru bí òwú tó bọ́ sínú eérú, wọ́n jókòó pẹ̀sẹ̀. Mọ́mì dákẹ́. Ó pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ní "Ó pọnmọ! Bọ̀sẹ̀, ẹyẹ yìí pọnmọ!" Wọ́n bẹ̀rẹ̀ létí omi níbẹ̀, wọ́n ń júdìí bí ẹni tó fẹ́ gbọ́mọ pọ̀n. Títí a fi kúrò níbẹ̀, kò sí òyìnbó tó kọjá tí wọn ò pè wá wò ó, wọn ò sì gbọ́ra wọn.

Loon ni wọ́n ń pè é. Òun ló wà lára owó ẹyọ dọ́là kan wọn láti 1987, mo ti ń ná an láti ọjọ́ tó ti pẹ́, mi ò wojú ẹ̀ rí.

Ọmọ Ìjẹ̀bú Minnesota:
Aunty Bọ̀sẹ̀, ẹ sọ fún mọ́mì pé ó lè jẹ́ bàbá ni wọ́n rí o, àtakọ àtabo ló ń pọnmọ. Ẹyẹ ìpínlẹ̀ wa nìyẹn níbí, 1961 ni wọ́n ti fi í ṣe é. Àwa wa ọkọ̀ ojú omi lọ sí Boundary Waters, igbó olómi kan níbí, ibẹ̀ ni mo ti rí bó ṣe ń fò. Ẹ̀rín pa mí. Ọ̀pọ̀ egungun ẹ̀ kò ní ihò nínú bíi ti ẹyẹ yòókù, ara ẹ̀ wúwo, kò lè dìde lẹ́ẹ̀kan náà, àfi kó máa sáré lórí omi, pa-pa-pa-pa, apá ń gbọ̀n, ó ń lọ ó ń lọ, mo ní mólúè tó ń sáré gun afárá nìyí, mo rò pé ó máa gbá igi tó wà níwájú, àṣé ó ti gbéra. Tó bá wá rì mọ́lẹ̀ láti pẹja, ẹ má wulẹ̀ wojú ibẹ̀ mọ́, ọ̀nà jíjìn ló ti máa yọ. Tó bá gun òkè ilẹ̀ ẹ máa káàánú ẹ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀ ti lọ sẹ́yìn jù, àyà ló fi ń wọ́.

Ìyá Ìbejì:
Tiwa ò ké, olè ni. Oṣù kejì la lọ, ẹ má bi mí pé kí la lọ ṣe nínú sínóò, ẹ bi bàbá ìbejì. À ń rìn lórí pákó tí wọ́n tẹ́ gba inú irà ní Spruce Bog, òtútù ń gé wa létí, mo ṣí kúlà kí n mú ẹran díndín fún àwọn ọmọ, bí mo ṣe na ọwọ́ báyìí, nǹkan bà lé àtàǹpàkò mi. Ẹyẹ eérú kan, iwájú orí ẹ̀ funfun, ìpàkọ́ ẹ̀ dúdú, ojú ẹ̀ rogodo bí ojú ọmọ tuntun. Kò wúwo rárá, àfi bí ìgbà tí ewé já lé ẹ lọ́wọ́, èékánná ẹ̀ nìkan ni mo mọ̀ lára, ó tutù. Ó wo ẹran, ó wò mí, ó tún wo ẹran. Èyí tó tóbi jù ló gbé o! Ìkejì ẹ̀ ti wà lórí ẹ̀ka tó ń retí kó kan òun. Táíwò bú sẹ́kún pé ẹran òun ni, Kẹ́hìndé ń rẹ́rìn-ín. Ilé wa nílé, ẹyẹ wo ló tó bẹ́ẹ̀? Àṣá gan-an ń yọ́ kẹ́lẹ́ gbé òròmọdìẹ ni.

Tísà Àgbà:
Ìyá Ìbejì, ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹran yẹn, kò jẹ ẹ́ lójú ẹsẹ̀ o. Canada jay lẹ pàdé. Itọ́ ẹnu ẹ̀ ń lẹ̀ bí gọ́ọ̀mù, á fi rọ oúnjẹ kọ́bọ́kọ́bọ́, á lẹ̀ ẹ́ mọ́ abẹ́ èèpo igi, ọ̀kan níbí, ọ̀kan lọ́hùn-ún, ẹgbẹẹgbẹ̀rún, á sì máa rántí wọn. Ohun tó ń jẹ nígbà òtútù nìyẹn, kì í ṣí lọ síbì kankan, oṣù kẹta tí ilẹ̀ ṣì funfun báláú ló ti ń sàba lórí ẹyin. Lọ́jọ́ mìíràn ẹ wo ẹsẹ̀ ẹ̀, ẹ lè rí òrùka aláràbarà, láti àwọn ọdún 1960 làwọn onímọ̀ ti ń tẹ̀lé ìdílé wọn ní Algonquin, ta ló fẹ́ ta, ta ló bí ta. Ohun tó wá dùn mí ni pé wọ́n ti dín ju ìdajì lọ lẹ́bàá Highway 60 yẹn. Ẹ rí i, òtútù ni fìrísà wọn. Tí ooru bá lọ dé láàárín ìgbà òtútù, kí lẹ rò pé ó máa ṣẹlẹ̀? Ẹni tí wọ́n bá mú iná ẹ̀ lọ fún ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn ọdún iléyá á yé e.

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má máa fún ẹranko lóúnjẹ, páàkì ò fẹ́ ẹ.

Ìyá Ìbejì:
Tísà, èmi ò fún un. Ó gbà á ni.

Alhaji Òjé:
Ẹ̀yin lẹ rántí mi. Oṣù kẹrin, mo dá wọ igbó yẹn láàárọ̀ kùtù, mo gbọ́ tí ẹnì kan ń fa okùn jẹnẹrétọ̀. Wallahi. Dù... dù... dù, dù, dù-dù-dùrùrùrù, ó fẹ́ gbaná, ó kú. Ìṣẹ́jú díẹ̀, ó tún fà á. Mo ní ta ni ọ̀bàyéjẹ́ tó gbé jẹ́ẹ̀nì wọnú igbó ọba? Mo tọ ohùn yẹn lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, mo yọjú, mo rí àparò! Ó dúró lórí ìtì igi tó wó, ó ga àyà, ó ń fi apá lu afẹ́fẹ́, ẹnu ẹ̀ pa dé. Ruffed grouse lorúkọ ẹ̀, akọ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ fi pe abo. Aṣọ àparò ilé gan-an ló wọ̀, pípọ́n ráúráú yẹn.

Lọ́jọ́ yẹn náà mo tún rí mọ̀lẹ́bí ẹ̀ tí wọ́n ń pè ní spruce grouse, ìpéǹpéjú ẹ̀ pupa, ó jókòó sórí ẹ̀ka tí kò ga jù mí lọ. Mo sún mọ́ ọn, kò lọ. Mo tún sún mọ́ ọn. Ó ń wò mí ni. Ọmọ ọdẹ ni mí, ẹ mọ̀ bí bàbá mi ṣe máa ń rákò nínú ẹ̀gún nítorí àparò kan ṣoṣo tí á fò lọ nígbẹ̀yìn, èmi wá dúró níwájú èyí, ọwọ́ ń yún mi, mi ò lè ṣe nǹkan kan. Mo kí i, mo kọjá.

Ẹ̀gbọ́n Scarborough:
Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti lọ, ìwò nìkan ni mo rí, irú èyí tí Nóà rán níṣẹ́ tí kò padà jíṣẹ́. Ó tóbi ju kannakánná lọ ní ìlọ́po. Ó fi ẹnu fa síìpù báàgì mi lójú mi, ó gbé búrẹ́dì. Ẹ ń sọ àwọn tó ń pọnmọ.

Délé N:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ ò wòkè lol. Àkókó tó wà níbẹ̀ tó kannakánná, ó dé fìlà pupa, ihò tó ń gbẹ́ sára igi láti kó èèrà jẹ máa ń gùn lóòró, igun mẹ́rin, káfíńtà gan-an ni. Tí ẹ ò bá rí i, ẹ máa rí ẹ̀rún igi tó gbẹ́ dà sílẹ̀.

Bọ̀sẹ̀ Brampton:
Ẹ ṣé gan-an, mo ka gbogbo ẹ̀ fún mọ́mì lórí fóònù lálẹ́ àná. Ti bàbá tó ń pọnmọ yẹn, wọ́n ní kí n fi ránṣẹ́ sí àbúrò mi ọkùnrin. Wọ́n wá bi mí pé àwọn ẹyẹ wọn ńkọ́, mo ní wọ́n ti lọ sí etí òkun nítorí omi ibí ń di yìnyín. "Àtọmọ àtìyá?" Mo ṣèṣì sọ òótọ́, mo ní àwọn àgbà ló kọ́kọ́ ń lọ, àwọn ọmọ á ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéra lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, àwọn nìkan, láìsẹ́ni tó mú wọn mọ̀nà. Mọ́mì pòṣé. "Lẹ́yìn gbogbo pípọ̀n yẹn?" Wọ́n ní kò lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, kí n lọ síbẹ̀ lọ wò ó dáadáa.

Ta ló ń lọ lópin ọ̀sẹ̀ yìí? Ẹ bá mi ya Canisbay.