Olobó ni, àbí àlọ́? Lórí "teaser" àti "REBUILT"

Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀yin àbúrò mi, mo kí yín.

Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni ti àbúrò wa tó ń kọ́ àwọn ọmọ girama ní iṣẹ́ róbọ́ọ̀tì: kí ni ká máa pe "teaser" àti "REBUILT" lédè Yorùbá? Ó fẹ́ kọ̀wé lédè Yorùbá nípa FIRST, ìdíje róbọ́ọ̀tì tí Dean Kamen dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1989, tí wọ́n sì kọ́kọ́ ṣe ní Manchester, New Hampshire, lọ́dún 1992. Eré tuntun ni wọ́n ń gbé jáde lọ́dọọdún. Kí oṣù kìíní tó dé tí wọn yóò tú gbogbo òfin rẹ̀ síta, wọn a ti sọ orúkọ eré náà, wọn a sì ti fi fídíò kúkurú kan hàn. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ á ti bẹ̀rẹ̀ àríyànjiyàn: kí ni róbọ́ọ̀tì wa yóò máa gbé? Kí ni yóò máa jù? Fídíò yìí ni wọ́n ń pè ní "teaser". Orúkọ eré ọdún 2026 ni REBUILT, ọjọ́ 10 oṣù kìíní ọdún náà ni wọ́n dá fún títú u síta, kí ọjọ́ náà tó pé ni mo sì kọ èyí.

Ẹ̀gbọ́n wa kan ní ká pe teaser ní olobó. Ẹ forí jì mí, ẹ̀gbọ́n, mi ò gbà. Nígbà tí èèyàn bá sọ pé "olobó ta mí", òótọ́ kan ti dé etí rẹ̀ kó tó yẹ kó dé ibẹ̀ nìyẹn, ẹni tó ní ọ̀rọ̀ náà kò sì fẹ́ kó jáde. Bí òṣìṣẹ́ kan bá jí ojú ìwé kan nínú ìwé òfin eré náà, tó fi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀, olobó nìyẹn. Ẹni tó ni eré ló fúnra rẹ̀ fi teaser síta, ó sì mọ̀ọ́mọ̀ dì í ni.

Ẹlòmíràn ní àrokò ni. Èyí wù mí díẹ̀, torí ohun tí a ń fojú rí ni àrokò, bíi fídíò náà. Ṣùgbọ́n ẹni tí a fi àrokò ránṣẹ́ sí gbọ́dọ̀ lè kà á. Bí wọ́n bá fi owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ sí ọ láyé àtijọ́, o mọ̀ pé ọkàn ẹni náà fà sí ọ. Mẹ́jọ lo máa fi dá a lóhùn, pé ọ̀rọ̀ yín jọ. Kò sí iyàn níbẹ̀. Ọmọ wo ló lè ka teaser báyẹn?

Àlọ́ ni teaser, àlọ́ àpamọ̀ gan-an. Ẹni tó ń pa á mọ ìdáhùn, àwọn tó ń gbọ́ kò mọ̀ ọ́n, gbogbo ayọ̀ rẹ̀ sì wà nínú kí a kọ́kọ́ ṣì í. Ẹ rántí èyí tí gbogbo wa gbọ́ ní kékeré: Òrúkú tindí-tindí, òrúkú tindì-tindì, òrúkú bí igba ọmọ, gbogbo wọn ló lé tìróò. Ẹni tó bá ń wá àwọn ọmọ kiri kò ní í rí wọn. Ẹ̀wà ni ìdáhùn, dúdú tó wà lójú rẹ̀ ni tìróò. Àlọ́ kì í purọ́, àmọ́ ibi kan ṣoṣo lára nǹkan ló máa ń fi ọwọ́ tọ́ka sí.

Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣẹlẹ̀ ní 2025. Wọ́n ní àkòrí ọdún náà ni FIRST DIVE. Ariwo ta pé eré inú omi dé, èyí tí àwọn ọmọ ti ń retí láti ọjọ́ pípẹ́. Nígbà tí REEFSCAPE, eré ọdún náà, jáde, ẹ̀kán omi kan kò sí lórí pápá. Páìpù PVC ni wọ́n pè ní iyùn òkun, bọ́ọ̀lù ńlá ni wọ́n pè ní ewédò. Lọ́dún tó ṣáájú, orin ni eré CRESCENDO ń sọ, òrùka fóòmù aláwọ̀ ọsàn ni àwọn róbọ́ọ̀tì sì ń jù.

Ẹ má sọ àrokò nù o, ó ní ibi tó ti wúlò. Àkòrí sáà 2025 sí 2026, FIRST AGE, dá lórí ìmọ̀ ìwalẹ̀pìtàn. Nínú DECODE, eré àwọn ẹgbẹ́ FIRST Tech Challenge (ìdíje mìíràn tí FIRST ń ṣe) tó jáde ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, òpó kan wà lẹ́bàá pápá tó ń fi ètò àwọ̀ mẹ́ta hàn: àwọ̀ ewé kan, elésè àlùkò méjì, ipò àwọ̀ ewé ló ń yí padà. Kámẹ́rà róbọ́ọ̀tì á ka àmì ara òpó náà, á sì mọ ètò tó yẹ kí bọ́ọ̀lù tẹ̀ lé. Àrokò pọ́ńbélé nìyẹn! A rán an, a kà á, a sì ṣe bó ti wí.

Ó wá ku REBUILT. Àwọn kan dábàá Àtúnṣe. Rárá o, mọ́tò tó bàjẹ́ la ń tún ṣe. Àtúnkọ́ ni tèmi. Ẹnìkan ti bi mí pé ṣé ó fi hàn pé iṣẹ́ náà ti parí, nígbà tí ọ̀rọ̀ ìṣe wa kì í yí padà. Ó fi hàn. Bí a bá pe ẹnìkan ní onígbàgbọ́ àtúnbí, ta ni yóò rò pé a kò tíì bí i? Ohun tó wó, tí wọ́n sì ti gbé dìde padà, ni àtúnkọ́. Mo kàn bẹ̀ yín, ẹ fi àmì sí i. Bí ẹ bá kọ ọ́ ní "atunko" lásán, àtúnkọ ni ẹlòmíràn yóò kà, bí ẹni pé ìwé ni a tún kọ. Bí ẹ bá sì fi àmì sí i, ẹ óò rí i pé kọ́ ti ilé àti kọ́ ti ẹ̀kọ́ dọ́gba, ohun tí a tún mọ àti ohun tí a tún kọ́ lẹ́kọ̀ọ́ di ọ̀kan. Gẹ̀ẹ́sì kò ní èyí, inú mi sì ń dùn sí i láti àná.

Àwọn kan ti ń sọ pé róbọ́ọ̀tì yóò máa to bíríkì. Ọmọ Òrúkú ni wọ́n ń wá kiri lójú tèmi. DECODE dún bí ohun tí a wú nínú ilẹ̀, ohun àtijọ́ ni wọ́n sì pe àwọn nǹkan inú rẹ̀, síbẹ̀ bọ́ọ̀lù lásán ni. Èmi ní bọ́ọ̀lù ni ti REBUILT náà, pé ìlú àtijọ́ kan yóò wà lórí pápá, ibì kan níbẹ̀ ni wọn yóò sì máa jù ú sí.

Ìdáhùn tèmi nìyẹn. Ẹ fi tiyín ránṣẹ́ kí ọjọ́ kẹwàá tó pé, kí ẹ sì sọ ọ̀rọ̀ inú orúkọ náà tí ẹ gbára lé.