Ọmọ ọdún 6 ń kọ 14 bíi 41: kí ni kí n ṣe?

Ẹ̀kọ́Ilé:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olùkọ́ ilé. Ọmọ ọdún 6 ni mò ń kọ́. Ó ń ka oókan dé ọgọ́rùn-ún láìdúró, ṣùgbọ́n tí mo bá ní kó kọ mẹ́rìnlá, 41 ló máa ń kọ. Tí mo bá to ìdérí ìgò 14 síwájú rẹ̀, á kà á pé. Tí mo bá wá fọwọ́ kan 1 tó wà nínú 14 pé kó fi iye rẹ̀ hàn mí, ìdérí kan ṣoṣo ló máa mú. Mo ti ní kó kọ ọ́ lákọtúnkọ títí ó fi sú u. Kí ni mo lè fún un tó máa fọwọ́ ṣe tí yóò fi yé e? Àbúrò rẹ̀ tó ń rákòrò wà nílé o.

Onísirò:
Ẹ fi àkọtúnkọ sílẹ̀ ná. Ohun tí etí ọmọ yẹn gbọ́ ló ń kọ. "Mẹ́rìnlá": ẹ̀rin ló kọ́kọ́ jáde lẹ́nu, ẹ̀wá ló gbẹ̀yìn. Ó kọ 4, ó wá kọ 1. Kò tíì mọ̀ pé ipò ni ó ń sọ iye 1 yẹn.

Ẹ wá sítírọ́ọ̀ 50, àwọ̀ kan náà ni kí gbogbo wọn jẹ́. Tí àwọ̀ bá yàtọ̀, ọmọ á rò pé àwọ̀ ló ń sọ iye. Ẹ gé ọ̀kọ̀ọ̀kan sí méjì ọgbọọgba, ó di 100. Ẹ wá rọ́bà ìdirun 10, torí rọ́bà tó le máa ń dun ìka ọmọdé. Ẹ fa ìlà lóòró sáàárín pépà fífẹ̀ kan: òsì ni ilé ìdì, ọ̀tún ni ilé ẹyọ.

Kí ọmọ máa ka sítírọ́ọ̀ 14 sínú ilé ẹyọ, lọ́kọ̀ọ̀kan. Bó bá ti kan ẹ̀wá, ẹ dá a dúró. Kí ó kó wọn jọ fúnra rẹ̀, kó di wọ́n, kó gbé ìdì náà lọ sí òsì, kó tó ka èyí tó kù. Ẹ wá bi í: ìdì mélòó? Ẹyọ mélòó? Kó kọ 1 sábẹ́ ìdì, kó kọ 4 sábẹ́ ẹyọ.

Ibi tó ti sábà máa ń bàjẹ́ ni pé àgbà á ti di gbogbo ìdì sílẹ̀ kí ọmọ tó jókòó. Nǹkan kan ni ìdì yẹn máa jẹ́ lójú rẹ̀, bí ìdérí ìgò yẹn gẹ́lẹ́. Ẹ jẹ́ kó máa di í, kó máa tú u, kó sì tún un kà pé ẹ̀wá ṣì ni. Ìṣẹ́jú 10 sí 15 tó lójúmọ́.

YàráÌṣeré:
Òótọ́ ni. Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ bá ti mọ ìdì, ẹ fi káàdì kún un. Ẹ gé 9 tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 8, tó ga ní 6, fún 10 títí dé 90. Ẹ gé 9 mìíràn tó fẹ̀ ní 4, tó ga ní 6, fún 1 dé 9. Lórí èyí tó fẹ̀, nọ́ńbà á wà ní ìdajì òsì, 0 á wà ní ìdajì ọ̀tún. Fún 14, ẹ tẹ́ 10 sílẹ̀, ẹ gbé 4 lé 0 lórí, kí etí ọ̀tún méjèèjì bá ara wọn mu. Ẹ ní kí ọmọ ká 4 sókè, 0 á yọjú. Bí ẹ bá kọ 10 sáàárín káàdì, 4 ò ní bo 0 tán, gbogbo rẹ̀ á dàrú.

Ní ti àbúrò: ohunkóhun tó bá lè gba inú páìpù pépà tó wà láàárín tíṣù ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kọjá, kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún 3. Ìdérí ìgò ń gba ibẹ̀ kọjá. Ẹ ka rọ́bà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ tún un kà tí ẹ bá parí.

Ẹ̀kọ́Ilé:
Ẹ ṣeun gan-an. Ìbéèrè kan: 16 ńkọ́? "Mẹ́rìndínlógún" ló ń pè é, 1 àti 6 ló sì wà lórí pépà. Ẹ̀rin tó ń pè lẹ́nu kò sí níbẹ̀ rárá!

Onísirò:
Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wà. Ẹ má fo 14 lọ sí 16 lọ́jọ́ kan náà. Ẹ lo 11 sí 14 dáadáa, torí "lé" ni wọ́n, ẹ̀wá tí a fi ẹyọ lé, ẹ wá kọjá sí ogún: ìdì méjì, ilé ẹyọ ṣófo. Láti orí ogún ni kó ti padà wá sí 16. Ẹ ní kó mú ẹ̀rin kúrò. Kò sí ẹ̀rin tó dá wà, àfi kó tú ìdì kan. Ẹ̀rin á lọ sínú ife, ẹ̀fà á kù sílé ẹyọ, ìdì kan á kù ní òsì. Ẹ̀rin tó ń pè ló wà nínú ife yẹn! Ẹ ṣe 19, 18 àti 17 bákan náà. Ẹ fi 15 sí ìkẹyìn, torí "dín" inú "mẹ́ẹ̀ẹ́dógún" ti fara pamọ́, etí ọmọdé kì í gbọ́ ọ.

Àádọ́ta ṣì jìnnà. Ọgọ́ta, ìyẹn ogún mẹ́ta, tí a mú ẹ̀wá kúrò nínú rẹ̀ ni. Kó kọ́kọ́ lè to ìdì ní méjìméjì dé ọgọ́ta ná, kó tó gbé ìdì kan kúrò.

Atẹ́nílẹ̀:
Èmi á ní kó kọ́kọ́ máa ka ohun tó wà lórí pépà ní "ìdì kan, ẹyọ mẹ́fà" fún bí ọ̀sẹ̀ kan, kó tó pe orúkọ nọ́ńbà náà. Ìlẹ̀kẹ̀ Montessori, ìyẹn ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọdé ní ìṣirò, dára, ṣùgbọ́n ẹ̀wá inú rẹ̀ ti wà lórí wáyà tẹ́lẹ̀, ọmọ ò lè tú u. Fún 16 yìí, sítírọ́ọ̀ ló sàn jù.

Láti mọ̀ bóyá ó ti yé e, ẹ da sítírọ́ọ̀ 23 sílẹ̀ láìdì, kó kọ iye rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ẹ kọ 32 àti 23, kó fi sítírọ́ọ̀ to méjèèjì. Lẹ́yìn náà, ẹ ní kó kọ ọgbọ̀n. Bó bá kọ 3 péré, ẹ padà sórí pépà, kó fi ìka kan ilé ẹyọ tó ṣófo, kó gbé káàdì 30 sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀.