Ẹ̀yin tí ẹ ti gbé ọ̀rọ̀ ọmọdé dé iwájú ìjọba rí l'Óṣogbo, báwo ló ṣe rí?

Aránṣọ Alékúwodò

Ẹ kú alẹ́ o. Ọmọṣẹ́ mi kan, ọmọ ọdún 15, ló wọ aṣọ ọlọ́wọ́ gígùn wá sí ṣọ́ọ̀bù lánàá nínú ooru tó mú yìí. Mo ní kó bá mi wọ bùbá oníbàárà kan wò, ó ń fà sẹ́yìn. Ìgbà tó yá ló ká apá aṣọ sókè, ni mo bá rí ojú bẹ́líìtì. Àwọn kan ti ń jinná, àwọn kan ṣì tutù. Ọ̀dọ̀ àbúrò bàbá ẹ̀ ló ń gbé. Ó kúnlẹ̀, ó ní kí n má jẹ̀ẹ́ kóun padà sílé. Mo sì dá a padà lálẹ́ ọjọ́ náà, torí mi ò mọ ohun tí mo tún lè ṣe. Oorun ò kùn mí.

Mo fi ọ̀rọ̀ náà lọ àgbà méjì ládùúgbò. Ọ̀kan ní ọ̀rọ̀ ẹbí ni. Èkejì ní kí n lé ọmọ náà lẹ́nu iṣẹ́ kí wọ́n má baà wá fẹ̀sùn kàn mí. Rédíò sì rèé, láti àárọ̀ ló ti ń pariwo pé ká má dákẹ́, ká fẹjọ́ sùn. Ká fi sun ta ni? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ka òfin fún mi. Ẹ̀yin tí ẹ ti fẹsẹ̀ ara yín rìn ín ni mò ń bi.

Ìyá Ìbejì, Òkè-Fíà

Ẹ kú ìdààmú, àǹtí. Tèmi kì í ṣe ti ọmọ ẹlòmíràn o, èmi gan-an lọ́rọ̀ kàn. Ọkọ mi ló tì mí síta pẹ̀lú àwọn ìbejì ní nǹkan bí aago mẹ́wàá alẹ́, òjò ń rọ̀. Mo gba téṣàn kan lọ, mi ò ní dárúkọ ẹ̀. Ẹni tó wà ní káńtà wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, "Màdáámù, kí lẹ ṣe fún bàálé yín?" Ó ní kí n lọ kó àgbààgbà jọ lọ bẹ̀ ẹ́. Èmi tí wọ́n tì síta, èmi náà ni n ó tún lọ bẹ̀bẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù ọ̀rẹ́ mi n'Ígbọ̀nà la sùn mọ́jú, lórí páálí.

Ìyá ẹlẹ́kọ kan níbẹ̀ ló là mí lójú. Ó ní, "Má bá káńtà rojọ́ mọ́. Tó o bá débẹ̀, sọ pé ẹni tó ń rí sí ọ̀rọ̀ obìnrin àti ọmọdé lo fẹ́ rí." Mo padà sí téṣàn kan náà láàárọ̀. Ṣé ẹ mọ̀ pé ẹni yẹn wà níbẹ̀, yàrá ẹ̀ ò ju ìgbésẹ̀ mẹ́wàá sí káńtà yẹn lọ? Obìnrin ni. Ó fún àwọn ọmọ lómi, ó kọ ọ̀rọ̀ mi sílẹ̀, kò bi mí léèrè ohun tí mo ṣe. Òun ló sọ fún mi pé nínú òfin ìjọba àpapọ̀ tọdún 2015 tó ka ìwà ipá léèwọ̀, ẹni tó bá fipá lé ọkọ tàbí aya ẹ̀ jáde nílé lè fi ẹ̀wọ̀n ọdún méjì jura, tàbí kó san owó ìtanràn tó tó ₦300,000, tàbí méjèèjì, àti pé Ọ̀ṣun náà ti ṣe tiẹ̀ lọ́dún 2021. Ọkọ mi tó ti ń wí látìgbà tí mo ti fẹ́ ẹ pé "ilé mi ni, mo lè lé ẹni tó bá wù mí," ọjọ́ tí wọ́n kà á sí i létí, ó jókòó bí ọmọ ilé ìwé.

A ò dé kóòtù. Mo wọlé padà, lẹ́yìn oṣù mẹ́fà mo kó jáde wọ́ọ́rọ́wọ́. Owó ilé ìwé àwọn ọmọ ń kán tó, tó. Àwọn ọjọ́ mìíràn mo máa ń rò ó pé ó yẹ kí n dé kóòtù yẹn.

Túndé, Testing Ground

Ẹ má bínú o, irú àwọn òfin báyìí ló ń tú ilé ká. Ẹgba ni wọ́n fi tọ́ gbogbo wa, a ò kú. Tí ẹ bá ti bàbá mọ́lé, ta ni yóò bọ́ ọmọ?

Ìyá Ìbejì, Òkè-Fíà

Bọ̀dá Túndé, ilé ti tú kí n tó dé téṣàn.

Nọ́ọ̀sì Àgbà

Mo ti fẹ̀yìn tì. Àǹtí aránṣọ, ọsibítù ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbé ọmọ yẹn lọ, kí ojú bẹ́líìtì tó jinná tán. Dókítà yóò kọ ohun tó rí sílẹ̀. Ìwé yẹn ò ní gbàgbé, bí ẹ bá tilẹ̀ dé iwájú adájọ́ lọ́dún tó ń bọ̀. Kí ẹ tún dá a jókòó, ẹ̀yin méjèèjì nìkan, kí ẹ fara balẹ̀ bi í bóyá bẹ́líìtì nìkan ni. Ẹ má fi agídí bi í o.

Ìdí tí mo fi ń sọ èyí: ìyá kan gbé ọmọbìnrin ẹ̀ wá bá wa nígbà tí mo ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Aládùúgbò ló ba ọmọ náà jẹ́. Ìyá ti fi omi gbígbóná àti Dettol wẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ó fọ aṣọ, ó sá a, ó gbààwẹ̀, ọjọ́ karùn-ún ló tó rántí ọsibítù. Ta ni ò ní wẹ ọmọ ẹ̀? N ò lè dá a lẹ́bi. Ṣùgbọ́n oògùn tí kì í jẹ́ kí kòkòrò HIV ráàyè, wákàtí 72 péré ló ní, bó bá sì ṣe tètè yá tó ló ṣe ń dáa tó. Omi náà ti fọ gbogbo ohun tí à bá fi mú ọkùnrin yẹn dànù. Láti ìgbà yẹn, gbogbo ìyá tí mo bá pàdé ni mo ń sọ fún: ẹ má wẹ ọmọ, ẹ má fọ aṣọ, inú àpò pépà ni kẹ́ ẹ kó aṣọ sí, kì í ṣe ọ̀rá, torí inú ọ̀rá ló ti máa ń bu. Ẹ gbé e wá bó ṣe wà.

Yéjídé Ọmọ Òròkí

Tèmi jẹ mọ́ ìdábẹ́ ọmọbìnrin. Ìyá ọkọ mi ti bá olóolà sọ̀rọ̀ kí n tó bímọ rárá. Níbi tí mo ti ń gba ìtọ́jú oyún ni wọ́n ti là wá lóye pé Ọ̀ṣun wà lára ìpínlẹ̀ márùn-ún tí UNICEF àti UNFPA, àwọn àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, ń bá ṣiṣẹ́ láti fòpin sí i, àwa pẹ̀lú Ọ̀yọ́, Èkìtì, Ebonyi àti Imo. Ojú tì mí. Òfin 2015 tí Ìyá Ìbejì sọ yẹn náà fi ẹ̀wọ̀n tó lè tó ọdún mẹ́rin sí i fún ẹni tó bá dábẹ́ ọmọbìnrin. Mi ò kojú ìyá ọkọ mi o, mi ò láyà ẹ̀. Ọkọ mi ni mo rán sí i. Olóolà dé lọ́jọ́ ìkómọ, ó jẹ ìrẹsì, ó bá tiẹ̀ lọ.

Bàbá Lánlọ́ọ̀dù, Ayétòrò

Ọmọ mi, a bá ọ yọ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká padà sórí ọmọ tó wà nílẹ̀ yìí.

Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ṣe alága lánlọ́ọ̀dù. Èmi gan-an ni "ọ̀rọ̀ ẹbí ni" tí àǹtí ń sọ yẹn. Tí wọ́n bá mú irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ wá, màá bá bàbá ọmọ wí, yóò dọ̀bálẹ̀, yóò tọwọ́ bọ̀wé pé òun ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́, a ó jẹ obì. Ìwé irú ẹ̀ méje wà nínú dúrọ́ọ̀ mi títí dòní. Èyí tó ṣe ìkeje, oṣù mẹ́ta lẹ́yìn tó tọwọ́ bọ̀ ọ́, wọ́n gbé ọmọ kan náà kọjá lójúde mi, apá ẹ̀ ti kán. Mi ò gba obì ẹnikẹ́ni mọ́.

Àwọn wẹ́fíà, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ìtọ́jú ọmọdé, ni kẹ́ ẹ wá lọ. Ẹ lè bẹ̀rẹ̀ láti ìjọba ìbílẹ̀, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ obìnrin àti ọmọdé sì wà ní sẹkitéríàtì Abẹ́rẹ́. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọ tí ìjọba àpapọ̀ ṣe lọ́dún 2003, Ọ̀ṣun ti sọ ọ́ di tiwa láti 2007, òun ni wọ́n ń lò. Wọn kì í kàn já ọmọ gbà bí àwọn èèyàn ṣe ń sọ. Àwọn tí mo bá ṣe tèmi wá wo ilé, wọ́n bi ará àdúgbò, wọ́n wá ẹbí tó ṣeé fi ọmọ lé lọ́wọ́. Ìgbà tí bàbá yarí ni wọ́n tó sọ̀rọ̀ kóòtù. Ẹ mú owó ọkọ̀ dání o. Àwọn yẹn ò ní mọ́tò, èmi ni mo ra epo sí ọ̀kadà tó gbé wọn. Kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀, ó sì rí bẹ́ẹ̀.

Ohun kan ṣì kù: ẹ má fi ọmọ pamọ́ sọ́dọ̀ yín láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Àbúrò bàbá yẹn lè lọ sọ ní téṣàn pé ẹ jí ọmọ gbé. Ṣé ọmọ ní ìyá?

Aránṣọ Alékúwodò

Ó ní ìyá, Ìkìrun ló wà. A lọ ọsibítù láàárọ̀ yìí. Dókítà ka ojú bẹ́líìtì mọ́kàndínlógún. Mo bi ọmọ náà bí nọ́ọ̀sì ṣe wí. Ó ní bẹ́líìtì àti ebi ni, nǹkan mìíràn ò sí, ó sì wojú mi dáadáa nígbà tó ń sọ ọ́. Mo pe ìyá ẹ̀ lórí fóònù. Ó kọ́kọ́ ní kí n má dá ìjà ẹbí sílẹ̀ fún òun, lẹ́yìn náà ló bú sẹ́kún. Ó ń bọ̀ lọ́la, ó sì ti fẹnu ara ẹ̀ sọ fún àbúrò ọkọ ẹ̀ pé ọ̀dọ̀ mi lọmọ máa sùn.

Bàbá, ṣé ẹ lè bá wa dé Abẹ́rẹ́ lọ́jọ́ Ajé? Ẹ̀rù ń bà mí kí n má débẹ̀ kí ẹnu mi wọ́.

Bàbá Lánlọ́ọ̀dù, Ayétòrò

Aago mẹ́jọ, Ọlá-Ìyá, lábẹ́ bíríìjì. Ẹ mú ìwé dókítà dání, kẹ́ ẹ sì fi ẹ̀dà ẹ̀ sílẹ̀ sílé.

Aránṣọ Alékúwodò

Ẹ ṣeun o, bàbá. Ọmọ náà ń bi mí bóyá kóun kó sísọ́ọ̀sì àti téèpù òun dání. Mo ní kó fi wọ́n sílẹ̀ sídìí máṣíìnì ẹ̀.